Chindon'ya kì í ṣe egúngún, kì í sì í ṣe alágbe

Bí fídíò chindon'ya, àwọn olórin ilẹ̀ Japan tó ń fi ìlù àti fèrè polówó ọjà lójú títì, bá ti jáde báyìí, ẹnìkan á ní egúngún ilẹ̀ Japan nìyí, òmíràn á ní oògùn ni ẹfun tí wọ́n kùn sójú. Oògùn kẹ̀! Àtíkè òṣèré ni. Ẹ sì gbàgbé ọ̀rọ̀ owó níná: onísọ́ọ̀bù tó fẹ́ kí ọjà òun tà ló bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀, òun náà ló ń sanwó.

Iṣẹ́ ọ̀hún ti pẹ́. Ní 1845, ní Osaka, ilé eré kan bẹ Amekatsu, ẹni tó ń ta súìtì, pé kó wá fi ohùn rẹ̀ pe èrò. Nígbà tí sinimá di elóhùn ní nǹkan bí 1930, àwọn kan nínú àwọn tó ń fọn fèrè sí sinimá aláìlóhùn bọ́ sójú títì.

Férémù igi kan ló wà láyà onílù, okùn rẹ̀ gba èjìká. Ìlù méjì àti agogo idẹ tó rí bí àwo ló wà lára rẹ̀: agogo ń ké "chin", ìlù ń dún "don". Ó tán.

Awọ ni kí ẹ ṣọ́. Okùn ló ń fa awọ ìlù kékeré le. Bí òjò oṣù kẹfà bá dé, ọ̀rinrin á mú kó dẹ̀, ìlù á máa dún bíi páálí, èrò á ní onílù ò mọ iṣẹ́. Onílù tiwa tó ń sá ìlù sóòrùn mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ fa okùn kí ẹ tó jáde, ẹ tú u bí ẹ bá délé.

Fèrè clarinet tàbí saxophone ló ń gbé orin yí kọ̀rọ̀, tí ẹni tí kò tíì rí wọn fi ń yọjú. Bí èrò bá ti dúró, ẹ rẹ orin sílẹ̀, kí ẹnìkan pe orúkọ ṣọ́ọ̀bù, kó júwe ibẹ̀, kí wọ́n tó pín ìwé ìpolówó. Ẹgbẹ́ mélòó ló ti lù títí, tí ará àdúgbò ò mọ ohun tí wọ́n ń tà!

Àwọn ayédèrú tó dé wíìgì, tí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń kọrin inú rẹ́kọ́ọ̀dù, àwọn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù kì í rí ọmọ tó sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Onílù rí i, á gbé ọwọ́ kúrò lára agogo, á fi ìka lu etí ìlù títí ìyá á fi kọjá.