Ìfaratira: Ohun Tó So George àti Lennie Pọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pe ohun tó wà láàárín George àti Lennie ní "ìgbáralé." Mo máa ń rí i nínú àlàyé tí wọ́n ń kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí Of Mice and Men, ìwé tí John Steinbeck gbé jáde lọ́dún 1937 nípa alágbàṣe oko méjì tó jọ ń rìn, George tó gbọ́n àti Lennie tó lágbára ṣùgbọ́n tí ọpọlọ rẹ̀ kò jí pépé, inú a sì máa bí mi. Ẹni tó gbára lé èèyàn ti kó gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n gbára lé kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀ ju ẹrù lọ. Ti àwọn méjèèjì yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń kọ "dìpẹ́ńdẹ́ǹsì" fún "dependency" ni n kò tilẹ̀ fẹ́ bá jiyàn: àmì ohùn lásán ni wọ́n fi lé Gẹ̀ẹ́sì lórí.

"Ìfaratira" ni tèmi. Ẹni méjì fara ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá yẹra, èkejì á ṣubú. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà ń dún bíi ti ẹgbẹ́ dọ́gba. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ta ló ní kí géńdé àti ọmọdé má fẹ̀yìn tira lórí àga kan náà? Ọ̀rọ̀ náà kò wọn ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo egúngún àti atọ́kùn rẹ̀. Ọwọ́ egúngún ni agbára wà, àmọ́ kò ríran tó lábẹ́ ẹ̀kú; atọ́kùn ló ń tọ́ ọ sọ́nà, òun náà ló ń bẹ̀bẹ̀ bí pàṣán bá lọ ba ẹni tí kò yẹ kó bà. Ṣùgbọ́n bí egúngún bá ti wọ ìgbàlẹ̀, ta ló tún ń wo atọ́kùn?

Ohun tí Lennie ń gbà hàn kedere: George ló ń tọ́jú káàdì iṣẹ́ rẹ̀, òun ló ń gbẹnu sọ fún un lọ́dọ̀ ọ̀gá oko nítòsí ìlú Soledad ní California, débi tí ọ̀gá fi fura pé bóyá owó Lennie ló ń jẹ. Èyí tí George ń gbà ni àwọn tó ń pè é ní "ìgbáralé" kì í rí. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún Slim, òṣìṣẹ́ oko náà kan, pé nígbà kan, òun a máa fi Lennie ṣe ẹ̀fẹ̀, nítorí pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun a dà bí ọlọ́gbọ́n lójú ara òun. Lọ́jọ́ kan létí odò Sacramento, ó ní kó bẹ́ sómi. Lennie bẹ́. Kò mọ̀wẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa fà á jáde, ó kù díẹ̀ kó kú, ó wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ George. Ó ti gbàgbé pé George ló ní kó bẹ́. Látọjọ́ náà ni George ti jáwọ́.

Àlá wọn láti ní ilé kékeré tiwọn, níbi tí Lennie yóò ti máa tọ́jú ehoro, ńkọ́? Ẹnu George ló ti ń jáde, àmọ́ Lennie ló ń bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ. Lẹ́yìn ikú ìyàwó Curley, ọmọ ọ̀gá oko, George jẹ́wọ́ fún Candy, àgbà òṣìṣẹ́ tó ti bá wọn dá sí àlá náà, pé àtìbẹ̀rẹ̀ lòun ti mọ̀ pé kò ní ṣẹ. Bí Lennie ṣe fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ ló jẹ́ kóun bẹ̀rẹ̀ sí rò pé bóyá yóò ṣẹ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju tèmi lọ, kó mú un wá, ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni kó ti kọ́kọ́ dán an wò.