Kí ló da òwú pọ̀ mọ́ ọta ìbọn? Ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí ọta àfọwọ́kì

Láti 2022 tí ogun Ukraine ti gbóná ni ìròyìn ti ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́ pé ẹ̀tù ìbọn ti wọ́n, pé òwú wà lára ohun tó fà á, àti pé àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà tó ń ki ọta fúnra wọn nílé ń ráhùn. Ọ̀rọ̀ náà rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Òwú wo? Ọta wo? Ta ló ní kí wọ́n máa kì í nílé?

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń fi òwú ṣe ẹ̀tù?

Òótọ́ ni. Ẹ̀tù dúdú ayé àtijọ́, èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ saltpetre ni wọ́n lú pọ̀. Ti òde òní yàtọ̀. Ní 1846, Christian Schönbein, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Basel, kéde pé òun ti rẹ òwú sínú ásíìdì, òun sì ti ṣàn án, òun sá a gbẹ. Tí ẹ bá wò ó, òwú lásán ni. Àmọ́ bí iná bá ti kàn án báyìí, ó ti jó tán, kò sì ní éèfín tó ṣeé kà sí. Inú àwọn ológun dùn, ṣùgbọ́n òwú yìí kò mọ ẹni tó ni ín: ní 1847, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní Faversham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bú gbàù, ó sì pa àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ó di 1884 kí Paul Vieille ní Faransé tó rí ọgbọ́n dá sí i. Ó yọ́ òwú náà di nǹkan kíki, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó sì gé e wẹ́wẹ́, kí iná lè máa jẹ ẹ́ láti ẹ̀yìn wá sínú, díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ẹ̀tù tí kì í rú éèfín lónìí, ọmọ tàbí ọmọ ọmọ èyí ni. Nitrocellulose lorúkọ tí àwọn oníkẹ́míkà ń pè é.

Òwú tí wọ́n ń lò kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń hun aṣọ. Irun kúkúrú tó máa ń ṣẹ́kù lára kóró òwú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ̀n ọ́n ni. Ní 2024, Thierry Breton tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù nígbà náà sọ ọ́ ní gbangba pé Ṣáínà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Àgbá ńlá ojú ogun ń jẹ ẹ̀tù ní kílókílo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọta ọdẹ tí a ń sọ yìí kì í jẹ tó gíráàmù mẹ́ta. Ẹ lè fọkàn ro ẹni tí ilé iṣẹ́ máa kọ́kọ́ dá lóhùn.

Irú ọta wo là ń sọ gan-an?

Ọta tín-ín-rín tó ń sáré bí ẹ̀mí àìrí. Wọ́n ṣe é fún ẹranko kéékèèké tó ń ba oko àti pápá ẹran jẹ́: prairie dog, woodchuck àti oríṣiríṣi ikún Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ ìbọn Winchester gbé .220 Swift jáde ní 1935, Remington tó jẹ́ ilé iṣẹ́ bíi tirẹ̀ gbé .222 jáde ní 1950 àti .223 ní 1964, .204 Ruger dé ní 2004. Ínǹṣì ni nọ́ńbà iwájú yẹn dúró fún: .204 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà márùn-ún àti díẹ̀. Orí ọta Swift máa ń kúrò lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bí mítà 1,250 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ìró kò ju nǹkan bí mítà 340 lọ. Ikún tó ń rèdí níbẹ̀ kò ní gbọ́ ìró kankan kí ọ̀rọ̀ tó bùṣe.

Kí ni wọ́n fẹ́ fi gbogbo eré yẹn ṣe? Ibi tí ọta gbọ́dọ̀ bà lára ẹranko náà kò tóbi ju ọwọ́ èèyàn lọ, ó sì lè jìnnà tó mítà 300. Bí ọta bá ṣe ń yára tó ni kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tí afẹ́fẹ́ kì í sì í ráyè tì í. Wọ́n tún mọ̀ọ́mọ̀ ṣe awọ bàbà tó bo òjé rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó lè fọ́ yángá bó bá ti kan nǹkan, kó má baà ta padà láti ara òkúta lọ sí ilé ẹlòmíì.

Ṣé wọ́n ń ṣe ẹ̀tù nílé ni?

Rárá. Wọ́n ń rà á.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe nílé?

Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di ọta kan: èèpo idẹ, práímà, ìyẹn ìṣáná kékeré tó wà nídìí èèpo, ẹ̀tù, àti orí ọta tó ń fò lọ. Bí wọ́n bá yìn ín, mẹ́ta lọ, èèpo nìkan ló kù, òun náà ló sì wọ́n jù láti ṣe. Ẹni tó ń kì í nílé kò sọ èèpo nù, ó ń kó o padà wálé.

Yóò fi gíríìsì díẹ̀ pa á lára, yóò gbé e sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀, yóò sì fa apá ẹ̀rọ náà wálẹ̀. Èèpo wọ inú irin tí wọ́n gbẹ́ ní ìwọ̀n rẹ̀ lọ, kí irin náà lè fún un padà, nítorí iná ti wú u díẹ̀. Bó ṣe ń wọlé ni abẹ́rẹ́ kan ń ti práímà tó ti jó jáde, tó sì ń bọ́ sínú àwo. Ẹni tó bá gbàgbé gíríìsì, èèpo yóò há mọ́ irin, ọ̀sán ọjọ́ yẹn ti tán nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni wíwọ̀n. Iná a máa na idẹ gùn. Èèpo .223 kò gbọdọ̀ gùn ju ínǹṣì 1.760 lọ, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á gé e. Wọ́n á wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó ti sán, wọ́n á fi wáyà tó tẹ̀ lórí ra inú rẹ̀ lápá ìsàlẹ̀. Bí wáyà bá kọ́ sí kòtò kékeré kan níbẹ̀, tàbí tí òrùka tó ń dán bá yọ síta, èèpo náà fẹ́ já sí méjì, kí wọ́n jù ú nù. Tó bá yege, wọ́n á fi práímà tuntun sí i, wọ́n á wọn ẹ̀tù, wọ́n á fi àrọ dà á sínú. Kí wọ́n tó de orí ọta mọ́ ọn, wọ́n á to gbogbo èèpo sórí pátákó oníhò, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀tù gbọ́dọ̀ ga dọ́gba nínú gbogbo wọn.

Ṣé ó dín owó kù?

Ohun tí wọ́n ń sọ fún ìyàwó wọn nìyẹn. Owó ọta kọ̀ọ̀kan dín kù lóòótọ́, àmọ́ wọ́n á yìn ín ní ìlọ́po, owó ẹ̀rọ sì ń bẹ níbẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò kàn rà á ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n sinmi?

Nítorí pé ìbọn méjì tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe lọ́jọ́ kan náà lè má fẹ́ràn ọta kan náà. Ilé iṣẹ́ ń ṣe ọta tí yóò bá gbogbo ìbọn mu. Ọdẹ fẹ́ èyí tó bá tirẹ̀ nìkan mu, nítorí náà ó ń yí ìwọ̀n ẹ̀tù padà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ti orí ọta wọlé síwá-sẹ́yìn, títí ihò márùn-ún lára pátákó yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan. Èmi rò pé ìdí gidi nìyẹn, owó kàn jẹ́ àwáwí ni.

Ìtàn ọta kan tó ń jẹ́ .22-250 fi hàn bẹ́ẹ̀. Èèpo .250 Savage ti 1915 ni àwọn aláfọwọ́kì fún lọ́rùn di tín-ín-rín láàárín ọdún 1930 sí 1939. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó lọ ṣe tirẹ̀. Ó tó 1965 kí Remington tó gbà á sílé, kí wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ tìwọn.

Ṣé .223 àti 5.56 tí àwọn sójà ń lò kì í ṣe ọ̀kan náà?

Tí ẹ bá kó wọn sórí tábìlì, ẹ ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Ibi tí ọta ń jókòó sí nínú ìbọn ni wọn ò fi jọra: ti 5.56 fún orí ọta láyè díẹ̀ sí i kó tó kan ilà yíyípo inú ọ̀pá ìbọn. Bí wọ́n bá fi ọta ológun sínú ìbọn .223, orí ọta lè ti fara kan ilà náà kí iná tó ràn, ìfúnpá á sì gòkè ju bó ṣe yẹ lọ. SAAMI, àjọ àwọn tó ń ṣe ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ kí wọ́n má ṣe é.

Fún aláfọwọ́kì, ó tún kù. Wọ́n sábà máa ń tẹ ẹnu ihò práímà èèpo ológun mọ́ práímà kí ó má baà yọ. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ àtẹ̀mọ́ yẹn kúrò kí tuntun tó wọlé. Ara èèpo ológun míì sì nípọn, àyè inú rẹ̀ kéré. Ẹ̀tù tí kò ṣe èèpo kan ní nǹkan kan lè jù fún èkejì. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í da èèpo oríṣiríṣi pọ̀.

Mélòó wá ni ìwọ̀n ẹ̀tù tó yẹ? Ẹ kò kọ ọ́.

A ò sì ní kọ ọ́. Ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù náà tẹ̀ jáde ló ni ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ pẹ̀lú orí ọta kan pàtó, práímà kan pàtó àti èèpo kan pàtó. Ìsàlẹ̀ ìwọ̀n inú ìwé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè nítorí pé ẹnì kan sọ fún un pé tòun ṣe dáadáa, ìbọn ẹlòmíì ló fi ń ṣírò.

Ẹ kíyè sí i pé gíréènì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, 7,000 sì ni gíréènì tó wà nínú póùn kan. Kì í ṣe hóró ẹ̀tù ni wọ́n ń kà. Àwọn kan ti gbìyànjú.

Ṣé ó lè bú gbàù nínú ilé?

Ẹ̀tù tó wà nínú ike tí wọ́n tà á sí sábà máa ń jó ni, kì í bú, nítorí ike náà máa ń là kí agbára tó kó jọ. Ẹ dà á sínú irin tó ṣe pinpin, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Práímà gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù: ìlù lásán ti tó o, ọ̀kan sì lè ran èkejì. Inú páálí tí wọ́n tò ó sí ni kó máa gbé, kì í ṣe inú ìgò.

Àṣìṣe wo ló burú jù?

Ike ẹ̀tù méjì lórí tábìlì kan. Ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ a máa yára jó ju ti ìbọn gígùn lọ, àwọ̀ wọn sì lè jọra. Ìfúnpá tó ga jù tí wọ́n fọwọ́ sí fún .223 jẹ́ póùn 55,000 lórí ínǹṣì onígun mẹ́rin kan, ojú ẹni tó ń yìn ín kò sì jìnnà síbẹ̀. Ike kan ṣoṣo ni kó wà níta. Ẹ̀tù tí ẹ kò bá dá mọ̀ mọ́, ẹ má lò ó láéláé.

Èkejì ni ọta tí kò ní ẹ̀tù. Práímà nìkan lè ti orí ọta débi ọ̀pá ìbọn kó há síbẹ̀. Bí ìbọn bá dún "pọ́ọ̀" dípò "gbàù", ẹ dúró. Ẹ má yin òmíràn tẹ̀ lé e.

Òjé náà wà níbẹ̀. Eruku tó ń jáde lára práímà tó ti jó, òjé wà nínú rẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ tábìlì náà.

Ṣé òfin gbà á?

Ó kù síbi tí ẹ ń gbé. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń kì í fún ara rẹ̀. Bó bá ti di títà, ìwé àṣẹ di dandan. Ní Jámánì, kò sẹ́ni tó máa ta ẹ̀tù fún yín láìjẹ́ pé ẹ ti gba ẹ̀kọ́, ẹ ti yege, ẹ sì ní ìwé àṣẹ ohun abúgbàù. Ní Kalifọ́níà, láti July 1, 2019 ni wọ́n ti fòfin de ọta olójé fún iṣẹ́ ọdẹ gbogbo. Àwọn tó bọ́ sórí bàbà rí i pé ó fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà orí ọta tí ìwúwo wọn dọ́gba gùn sí i, ìbọn míì kò sì lè yí i tó láti mú kó fò tààrà.

Ọ̀rẹ́ mi kó ọta tó kì fúnra rẹ̀ fún mi. Ṣé kí n lò ó?

Rárá. Ìbọn rẹ̀ ló kì í fún.

Mo rí ọta àtijọ́ nínú dúrọ́ọ̀ bàbá mi. Ńkọ́?

Bí páálí rẹ̀ kò bá ní àkọlé ilé iṣẹ́, ẹ kà á sí àfọwọ́kì tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má jù ú síná, ẹ má jù ú sí ààtàn, ẹ má sì gbìyànjú láti tú u. Ẹ pe àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ kó o wá, nítorí ní ibòmíì, gbígbé e rìn láìsí ìwé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀.