Bí máyónéèsì tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó ṣe ń di oúnjẹ ilé

Ní Abẹ́òkúta, ọjọ́ Sátidé ni máyónéèsì ń ṣe pàtàkì, tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, ó ti di ẹrù. Alásè tó gba iṣẹ́ ìgbéyàwó ní gbọ̀ngàn June 12 ní Kútọ̀ kì í ra ìgò kéékèèké. Ike ńlá tó ń gba nǹkan bíi lítà 3.78 ló ń rà, nítorí ìtìjú ni fún alásè kí sàláàdì tán nígbà tí àlejò ṣì ń wọlé. Nígbà tí wọ́n bá wá palẹ̀ mọ́, ìrẹsì á ti tán, ẹran á ti rìn, ṣùgbọ́n ike máyónéèsì kan á wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì lò dé ìdajì. Olówó ìnáwó ló máa gbé e relé. Ó di inú fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi yí padà, nítorí sàláàdì nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé mọ̀ ọ́n mọ́.

Bẹ́ẹ̀ òróró àti ẹyin ló wà nínú ike yẹn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ò gbà kí ilé iṣẹ́ kankan pe nǹkan ní máyónéèsì bí òróró inú rẹ̀ kò bá tó ìdá 65 nínú 100. Èyí tó kù ni pupa ẹyin, fínígà tàbí omi ọsàn kíkan, iyọ̀, àti ṣúgà díẹ̀. Ẹni tó bá ti fi èyí sọ́kàn, ìdajì ìṣòro ti yanjú: oúnjẹ tó bá ń gba òróró, tàbí òróró pẹ̀lú ẹyin, á gba máyónéèsì. Salad cream kò rí bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí pẹpẹ kan náà ni wọ́n jọ máa ń wà lọ́jà. Òróró inú tiẹ̀ kéré, fínígà àti ṣúgà rẹ̀ pọ̀, kò ní dín nǹkan bó ṣe yẹ. Ẹ ka ara ike dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Òróró àti omi kì í gbé pọ̀. Bí a bá da òróró sínú fínígà, tí a pò ó títí apá fi ń ro wá, bí a bá ti dáwọ́ dúró báyìí ni òróró á gòkè. Pupa ẹyin ló ń bá wọn parí ìjà. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lecithin, tí apá kan rẹ̀ fẹ́ràn omi, tí apá kejì fẹ́ràn òróró, bíi ti ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ tó lọ́ràá. Bí wọ́n ṣe ń po òróró sí i díẹ̀díẹ̀, òróró náà á fọ́ sí wẹ́wẹ́, lecithin á bo ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà tún rí ara wọn so pọ̀. Bí nǹkan méjì tó ń ṣàn ṣe di ohun tó ki, tó ń dúró lórí ṣíbí, nìyẹn.

Iná ló ń tú ìrẹ́pọ̀ yìí ká. Bí máyónéèsì bá bọ́ sínú ọbẹ̀ tó ń hó, ẹyin inú rẹ̀ á dì, òróró á tú jáde, ojú ọbẹ̀ á wá dà bíi wàrà tó bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó mú ọbẹ̀ ki gbọ́dọ̀ sọ ìkòkò kalẹ̀, kó bu máyónéèsì sínú abọ́, kó máa fi ọbẹ̀ gbígbóná là á ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, kó tó dà á padà sínú ìkòkò, kò sì gbọ́dọ̀ hó mọ́ lẹ́yìn náà. Wàhálà yẹn pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Ibi tí máyónéèsì ti wúlò jù ni ibi tí a ti fẹ́ kó tú, ìyẹn nínú páànù àti lórí èédú.

Ìrẹsì àná ló máa ń fi èyí hàn jù. Ìrẹsì tó ti sùn nínú fíríìjì ni kó jẹ́, nítorí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jiná á lẹ̀. Fún ife ìrẹsì 4, ṣíbí ìjẹun máyónéèsì 2 ti tó. Inú abọ́ la ti ń pò wọ́n pọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́, kí wọ́n tó rí iná rárá, títí gbogbo ìṣù ìrẹsì á fi tú, tí hóró kọ̀ọ̀kan á máa dán. Páànù á ti gbóná, láìsí ẹ̀kán òróró kan nínú rẹ̀. Bí ìrẹsì bá ti débẹ̀, á dún ṣàà. Láàárín ìṣẹ́jú kan, funfun tó wà lára rẹ̀ á pòórá, òróró á yọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà-pàrà, ẹyin á sì gan mọ́ ara hóró bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Aṣọ yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti ata lè tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n iyọ̀ àti mágì ni kí a tọ́ wò kí a tó fi sí i, torí iyọ̀ ti wà nínú ike láti ilé iṣẹ́.

Lára adìyẹ àti ẹja, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà ṣiṣẹ́. Bí a bá fi òróró lásán po ata gígún, áyù, ata ilẹ̀ àti táìmù, tí a fi ra adìyẹ, òróró á ṣàn lọ sísàlẹ̀ abọ́, á kó ata lọ. Máyónéèsì ki, ó ń lẹ̀, ibi tí a bá fi ata sí ló máa wà. Bí ooru bá wá dé, ẹyin á dì mọ́ awọ, òróró á máa dín in láti ìta, ara adìyẹ á sì pọ́n dáadáa láìgbẹ. Ṣíbí ìjẹun 3 tó fún adìyẹ kílò 1. Lórí èédú, kí a rà á fẹ́lẹ́, nítorí òróró tó bá kán sórí èédú máa ń mú iná rú sókè, iná yẹn á sì sun ìta nígbà tí inú ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹja títọ́sì tí a fi yájì àti máyónéèsì ra, tí a yan lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kò ní ẹlẹ́gbẹ́.

Ti búrẹ́dì kò gba àlàyé púpọ̀: a ó fi ra ìta búrẹ́dì dípò bọ́tà, a ó tò ó sínú páànù lórí iná kékeré. Ṣíbí kan nínú ẹyin mẹ́rin tí a fẹ́ dín máa ń jẹ́ kí ó rọ̀. Iṣu sísè tí a gé kéékèèké, tí a jẹ́ kó tutù pátápátá, lè rọ́pò pòtétò nínú sàláàdì, pẹ̀lú ẹyin sísè, àlùbọ́sà àti sadíìnì.

Nínú mọ́ínmọ́ín, máyónéèsì lè gba ipò òróró, á sì jẹ́ kí ó rọ̀. Àkàrà ni kí a má ṣe dán an wò. Afẹ́fẹ́ tí a lù sínú ẹ̀wà lílọ̀ ló ń mú àkàrà wú, òróró sì máa ń lé afẹ́fẹ́ yẹn jáde. Àkàrà á wá pẹlẹbẹ, á mu òróró inú agbada yó.

Kéèkì ló ń jẹ máyónéèsì jù lẹ́ẹ̀kan náà. Fúláwà ife 2, ṣúgà ife 1, ìyẹ̀fun kòkó ṣíbí ìjẹun 4, baking soda ṣíbí tíì 2, máyónéèsì ife 1, omi ife 1. Kò sí bọ́tà, kò sí ẹyin mìíràn, torí òróró àti ẹyin ti wà nínú ike. Fínígà inú máyónéèsì á pàdé soda, afẹ́fẹ́ á yọ, kéèkì á wú. Ilé tí kò ní ófùùnù lè da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá, kó gbé páànù kéèkì lé e, kó dé e pa. Bó bá ti jiná, kòkó nìkan lẹnu máa gbọ́. Ṣùgbọ́n máyónéèsì tí wọ́n fi áyù sí kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ o.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ló kù, kò sì ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Máyónéèsì tí a ti ṣí lè lo nǹkan bí oṣù 2 nínú fíríìjì tó tutù dáadáa. Bí iná bá lọ, tí ó wà níbi tí ooru ti kọjá 10°C fún ohun tó ju wákàtí 8 lọ, ìmọ̀ràn ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn ará ìlú wọn ni pé kí wọ́n dà á nù. Wákàtí 8 kò jìnnà sí alẹ́ kan péré. Ó dára kí a pín in sínú ìgò kéékèèké, kí a fi wọ́n sẹ́yìn fíríìjì dípò ara ilẹ̀kùn, kí ṣíbí tó ní omi lára má sì wọ ibẹ̀. Lítà 1 jẹ́ nǹkan bíi ṣíbí ìjẹun 67, nítorí náà ilé tí kò lè jẹ tó bẹ́ẹ̀ kó tètè bu fún ará ilé kejì. Èyí tí wọ́n fi ẹyin tútù pò nílé kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 4. Fírísà kọ́ ni ọ̀nà àbáyọ: bí ó bá dì, tó tún yọ́, òróró á ya sọ́tọ̀, kò ní ṣeé fi ṣe sàláàdì mọ́, àmọ́ ó ṣì ṣeé fi dín ìrẹsì.

Sàláàdì tí wọ́n ti pò tán ńkọ́? Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Ẹyin sísè àti ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ ti sọ fínígà, tí kì í jẹ́ kí máyónéèsì tètè bàjẹ́, di aláìlágbára. Wákàtí 2 ló ní níta, wákàtí 1 péré bí ooru bá kọjá 32°C, bẹ́ẹ̀ abẹ́ kánópì ní Abẹ́òkúta nínú oṣù kejì àti ìkẹta máa ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e relé fún ọmọ.

Nígbà tí ike bá wá ń tán lọ, ṣíbí ò ní lè kó èyí tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Fínígà ṣíbí 2, ata gígún díẹ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́ bó bá wà. A ó dé e pa, a ó mì í kíkankíkan. Ohun tó bá ṣàn jáde, orí kábéèjì tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ ló ń lọ. Ike náà, bí a bá fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, tó gbẹ, gàrí la máa ń kó sí i.