Kí Ẹ Tó Kọ Ìtàn Ilé Ọlọ́lá

Ojú ewé kẹwàá ni ọ̀pọ̀ ìtàn nípa àwọn olówó ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, ti ń kú. Mọ́tò mẹ́ta á wọlé, jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, léèsì á máa dán, òǹkàwé á wá bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n ń bá ara wọn fà gan-an. Òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí tọmọdé tàgbà inú ilé sì mọ̀, ni òpó irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ méje sílẹ̀ nípa ìdílé tí ẹ fẹ́ kọ. Ta ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó bu oúnjẹ? Ta ni a kì í bi léèrè ibi tó sùn? Ọmọ wo ni a kì í dárúkọ ìyá rẹ̀ lójú àlejò? Ní Kàbbà, ìlú kan ní ilẹ̀ Okun, oyè ní àkàsọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: Ìgẹmọ, Ọ̀rọ̀ta, Ọlọ́lu. Àwọn Ọlọ́lu ni Ọbaró, Ọbadọ́fin àti Ọbajẹmu. Ẹ mú ọkùnrin kan tó lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní Àbújá àmọ́ tí kò joyè kankan, ẹ mú un jókòó ti Ọ̀rọ̀ta kan tó ń fi ẹsẹ̀ rìn wá sípàdé ẹbí. Ẹnu kò tíì yà, ìjà ti wà nílẹ̀. Ní iwájú òfin kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí yóò bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá rú u. Èyí tí ẹ kò bá rí nǹkan kọ sí iwájú rẹ̀, ẹ pa á rẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya àwòrán ilé náà. Kì í ṣe àwàdà. Edith Wharton, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ọmọ ìdílé ọlọ́lá tí wọ́n bí ní New York ní 1862, kò tíì tẹ ìtàn àròsọ gígùn kankan jáde nígbà tí òun àti ayàwòrán-ilé kan, Ogden Codman, ṣe ìwé lórí bí a ṣe ń to inú ilé ní 1897. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ó mọ iṣẹ́ tí ilẹ̀kùn lè ṣe. Nínú àwòrán tiyín, ẹ fi àmì sí ibi tí oríṣi ènìyàn kọ̀ọ̀kan ń dé dúró: ẹni tí kì í kọjá fàráńdà, ẹni tó ń dé pálọ̀ àlejò, ẹni tó ń gba ẹ̀yìn wọlé láti ilé ìdáná. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá kọjá àmì rẹ̀, orí tuntun nìyẹn.

Orí ibùsùn ni Wharton ti ń kọ̀wé láàárọ̀. Á máa ju ewé tó bá ti kún sílẹ̀, akọ̀wé rẹ̀ á ṣà á lọ tẹ̀. (Ẹni tí kò ní akọ̀wé kó má jù ú sílẹ̀ o.) Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́ lára rẹ̀ ni pé nígbà tí ìwé ìròyìn kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn rẹ̀, The House of Mirth, ní 1905, kò tíì kọ ọ́ parí, ó sì di dandan kó máa fi apá tó kàn ránṣẹ́. Bí ẹ bá ń kọ 500 ọ̀rọ̀ lóòjọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 24 ni 60,000 ọ̀rọ̀ yóò gbà. Ẹ wá ẹnì kan tí yóò máa retí orí kan lọ́wọ́ yín ní òpin oṣù, kó sì jẹ́ ẹni tí ẹ ń tijú.

Àṣìṣe tó ń tètè pa irú ìwé yìí ni ti ayẹyẹ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìtàn rẹ̀ mìíràn, The Age of Innocence, ní 1920, ọ̀rọ̀ ìsìnkú ni Wharton fi sí ẹnu àlùfáà níbi ìgbéyàwó! Wọ́n tún un ṣe nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1921. Ní ilẹ̀ Bùnú, apá kan ilẹ̀ Okun, aṣọ ipò tó pupa, aṣọ òkú ẹni ńlá ni. Aṣọ dúdú ni ìyàwó ìgbà àtijọ́ ń ró. Òǹkọ̀wé tó bá ró ipò fún ìyàwó nítorí pé pupa ń tàn lójú ti pàdánù gbogbo ìyá àgbà tó lè ra ìwé náà. Ẹ wá olóyè kan àti ìyá kan tó ti dáná níbi òkú àgbà, kí wọ́n gbọ́ ojú ewé ayẹyẹ nìkan. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e. Ẹ má béèrè bóyá ìtàn náà dùn. Wọ́n á ní ó dùn.

Ti ẹnu àwọn ènìyàn inú ìwé ló kù. Ìyá ọlọ́lá kì í sọ pé, “Mi ò fẹ́ kí o fẹ́ ọmọ mi.” Á ní, “Ẹ kú àbẹ̀wò. Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ tètè máa lọ o, ọ̀nà Lọ́kọ́jà kì í dáa lálẹ́.” Aago mẹ́ta ọ̀sán ni o. Ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ ní ìlà tó tẹ̀lé e. Ẹ fi Yorùbá gbogboògbò sọ ìtàn, kí ẹ fi ẹ̀ka èdè sí ẹnu ẹbí nígbà tí inú bá ń bí wọn tàbí tí wọ́n bá ń ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀ka èdè ọmọ Mọ̀pà jẹ́ Yàgbà jálẹ̀, kó má yí padà di ti ará Ọ̀wọ́rọ̀, Okun mìíràn, ní orí kẹfà.

Bí olóyè inú ìwé bá sì jọ olóyè kan tí gbogbo ìlú mọ̀, yíyí orúkọ nìkan kò tó. Ẹ yí ìlú rẹ̀, iṣẹ́ tó fi lówó àti iye ọmọ rẹ̀ padà, kí ẹ sì fi ìwà ẹlòmíràn méjì lú u. Ilé ẹjọ́ kì í bá òǹkọ̀wé rẹ́rìn-ín.