Pọ́ǹpù Ńlá Kọ́ Ló Ń Mú Ilé Gbóná

Ẹni tó ti fi sumo fa omi kànga dé táǹkì orí òrùlé rí, tó wá di onílé ní Ìlú Ọba, á máa rò pé ilé alájà mẹ́ta gbọ́dọ̀ ní pọ́ǹpù alágbára kí rédíétọ̀ òkè, irin ara ògiri tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá láti mú yàrá gbóná, tó lè gbóná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kànga ń gòkè lọ, kì í padà. Omi rédíétọ̀ ń yípo ni: èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń fa èyí tó ń gòkè, gíga ilé kò sì sí nínú ìṣirò mọ́. Ohun tí pọ́ǹpù ń bá jà kò ju bí omi ṣe ń ha ara páìpù, fáàfù àti inú bọ́ílà tó ń mú omi náà gbóná lọ. Bí wọ́n bá kọ 25-60 sára pọ́ǹpù, mítà 6 ni 60 náà dúró fún: ìdíwọ́ yìí ló ń wọ̀n, kì í ṣe gíga ilé.

Kí ẹ lè mọ iye omi tó yẹ kó máa yípo, ẹ mú kílówáàtì tí ilé nílò, ẹ fi 4.2 pín in, kí ẹ tún fi iye dígírì tí omi fi ń tutù kó tó padà sí bọ́ílà pín in. Kílówáàtì 10, dígírì 20: lítà 0.12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi 7 ní ìṣẹ́jú kan. (Bó bá jẹ́ heat pump, ẹ̀rọ oníná tó ń fa ooru láti ìta wá sínú ilé dípò bọ́ílà, tí omi ń fi dígírì 5 péré tutù, ó di bíi 29. Níbẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ́ǹpù ńlá ti ní ìtumọ̀.) Lẹ́yìn náà, ẹ wọn páìpù àlọ àti àbọ̀ rédíétọ̀ tó jìnnà jù, òun nìkan. Bí páìpù bá fẹ̀ tó, ìdíwọ́ rẹ̀ kò yẹ kó ju Pascal 300 lọ ní mítà kan: mítà 40 á jẹ́ 12,000, ìyẹn bíi mítà 1.2. Ẹ wá fi ti fáàfù àti bọ́ílà kún un: àpapọ̀ rẹ̀ ni mítà tí pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ lè borí.

Bí ẹ bá fẹ́ kí omi tó ń kọjá di ìlọ́po méjì, agbára tí pọ́ǹpù fi ń tì í gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Síbẹ̀, rédíétọ̀ tí omi dígírì 70 ń wọ̀, tó sì ń jáde ní 50, kò ní fi ìdá kan nínú márùn-ún ooru rẹ̀ kún un. Ariwo fáàfù lẹ ó rà. Níbi tí táǹkì kékeré tó ń fi omi kún páìpù rédíétọ̀ bá wà lókè àjà, pọ́ǹpù tó le jù lè máa da omi sínú rẹ̀. Omi á gbé afẹ́fẹ́ padà, irin á dípẹtà, ìpẹtà á sì di ẹrẹ̀ dúdú nísàlẹ̀ rédíétọ̀.

Bí rédíétọ̀ kan bá tutù, ẹ kọ́kọ́ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ wá fún fáàfù àwọn tó sún mọ́ bọ́ílà pa díẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ rò ó pé ẹrẹ̀ ló dí i.

Bó bá jẹ́ pé pọ́ǹpù ló kú lóòótọ́, ẹ wọn àlàfo ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Mílímítà 130 ló wọ́pọ̀ nínú ilé Ìlú Ọba. Bọ́ílà combi, èyí tó ń mú omi rédíétọ̀ àti omi ẹ̀rọ gbóná pọ̀, ní pọ́ǹpù tirẹ̀ nínú.