Ògiri Adáyẹ̀pẹ̀dúró

Ògiri adáyẹ̀pẹ̀dúró ni ògiri tí a mọ síbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, láti di yẹ̀pẹ̀ apá òkè mú kí ó má baà ya wá sí ìsàlẹ̀. Ní ẹ̀yìnkùlé, òun ni ó máa ń jẹ́ kí a rí ilẹ̀ títẹ́jú gbin nǹkan sí tàbí fi ṣe àgbàlá. Ó yàtọ̀ gidigidi sí ògiri ilé: láti òkè ni ẹrù ti ń wọ ògiri ilé lọ́rùn, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn ni yẹ̀pẹ̀ ti ń ti èyí, tọ̀sán-tòru.

Agbára tí yẹ̀pẹ̀ fi ń ti ògiri kò dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tó ni ó ń pọ̀ tó. Nítorí náà, bí gíga ògiri bá di ìlọ́po méjì, àpapọ̀ agbára tí ń tì í yóò di ìlọ́po mẹ́rin, ipá tí ó fẹ́ bì í ṣubú síwájú yóò sì di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹni tí ó ti mọ ògiri mítà 1 tí kò mì kò gbọdọ̀ rò pé búlọ́ọ̀kù díẹ̀ ni òun yóò kàn tò lé e tí yóò fi di mítà 2. Ìṣirò tí Charles-Augustin de Coulomb, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ̀ jáde ní ọdún 1776, àti èyí tí William Rankine, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1857, ni àwọn ẹnjiníà ṣì fi ń díwọ̀n agbára yìí.

Síbẹ̀, omi ló sábà máa ń wó irú ògiri yìí. Hóró yanrìn gbígbẹ máa ń di ara wọn mú, nítorí náà nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo wọn ni wọ́n fi ń ti ògiri. Omi kì í di ara rẹ̀ mú, odindi ìwúwo rẹ̀ ni ó fi ń tì í, omi tí ó sì kún àyè tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1 wọn 1,000 kílógíráàmù. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá jẹ́ amọ̀, wàhálà náà tún pọ̀ sí i, torí pé amọ̀ a máa wú bí ó bá mumi, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè ṣàn lọ.

Ohun tí a ń ṣe sí èyí ni pé kí a da òkúta wẹ́wẹ́ tí ó nípọn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sẹ́yìn ògiri, kí a ta aṣọ tí omi lè sẹ́ kọjá ṣùgbọ́n tí yẹ̀pẹ̀ kò lè gbà kọjá sáàárín òkúta náà àti ilẹ̀, kí a tẹ́ páìpù onihò sí ìdí rẹ̀ tí yóò máa kó omi lọ, kí a sì dá ihò kéékèèké sí ìsàlẹ̀ ògiri fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ yìí ni ó yẹ kí owó àti àkókò lọ sí ju ojú ògiri lọ. Bíríkì tí ó dára lójú kò lè gba ògiri tí omi há sí lẹ́yìn.

Oríṣi kan wà tí ó gbára lé ìwúwo ara rẹ̀, tí a fi òkúta tàbí kọnkéré ṣùṣù mọ. Ìdí rẹ̀ a máa fẹ̀ tó ìdajì gíga rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí a fi kọnkéré onírin ṣe tínrín ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀ gbọọrọ tí ó nà wọ abẹ́ yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí yẹ̀pẹ̀ kan náà tí ń tì í fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ń to àpótí àwọ̀n irin tí a ki òkúta sí, omi sì ń gba inú wọn kọjá fàlàlà. Pákó rọrùn láti lò, àmọ́ yóò jẹrà.

Ilẹ̀ tí a kò tíì tú rí ni ó yẹ kí ìpìlẹ̀ jókòó lé, a sì máa ń ri apá ìsàlẹ̀ ògiri mọ́lẹ̀ kí ó má baà yọ̀ síwájú. Yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ń dà ní ìpele ìpele tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, tí a ń gún mọ́lẹ̀ kí a tó da òmíràn lé e. Níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá ti ga, ògiri kúkurú méjì sàn ju gíga kan lọ, bí àyè àárín wọn bá fẹ̀ tó ìlọ́po méjì gíga ti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ti òkè yóò di ẹrù sí ti ìsàlẹ̀ lọ́rùn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin béèrè àṣẹ àti àwòrán ẹnjiníà fún èyí tí ó bá ga ju nǹkan bí mítà 1 lọ.

Ògiri tí ó bá ń yọ ikùn síwájú, tí ó ń tẹ̀ tàbí tí ó ń là gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń sọ pé ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ̀ jù fún un. A tún lè yẹ ihò omi rẹ̀ wò lẹ́yìn òjò ńlá: bí ilẹ̀ òkè bá rin gbindin tí ihò náà sì gbẹ, ó ti dí.