Fídíò peer-to-peer lórí smart TV: bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tó ń jẹ́ kó máa dúró

Tí fídíò peer-to-peer bá ń dúró lórí TV, íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń bínú sí. Wọ́n á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, wọ́n á lọ ra èyí tó yára jù ú lọ, owó á jáde, síbẹ̀ nǹkan róbótó yẹn á ṣì máa yí láàárín ojú TV. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, torí pé nínú peer-to-peer, bí íntánẹ́ẹ̀tì tiyín ṣe yára tó, apá kan lásán ni. Ohun táwọn ẹlòmíì bá fi ránṣẹ́ látọ̀dọ̀ tiwọn lẹ ń wò. Tí ìyẹn bá ti yé èèyàn, ibi tó yẹ kó fọwọ́ kàn nínú settings á hàn sí i fúnra ẹ̀.

Fídíò YouTube tàbí Netflix, sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá) ilé iṣẹ́ yẹn ló ń gbé e wá bá yín tààràtà. Ti peer-to-peer ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n á gé fáìlì fídíò náà sí wẹ́wẹ́, ègé kan lè jẹ́ 256 KB, ó lè tó 4 MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ẹni tó bá sì ń wò ó tàbí tó ti ní i lọ́wọ́ á máa fún àwọn tó kù ní ègé tí wọn ò tíì ní. Bram Cohen ló gbé BitTorrent, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń pín fáìlì lọ́nà yìí, jáde lọ́dún 2001, òun ló sì wà nídìí ọ̀pọ̀ app irú èyí títí dòní. Ẹni tó ti ní fáìlì náà pé tó ṣì ń pín in fáwọn èèyàn là ń pè ní seed, ẹni tó ṣì ń kó tiẹ̀ jọ ni peer, gbogbo wọn lápapọ̀ ni swarm. Ègé kọ̀ọ̀kan ló ní hash tiẹ̀, ìyẹn àmì tí app fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí ẹnì kan bá fi ègé tó ti bàjẹ́ ránṣẹ́, app á rí i pé àmì ò bára mu, á jù ú nù, á lọ gba òmíì níbòmíì.

Báwo ni TV ṣe ń mọ ibi táwọn èèyàn yìí wà? Magnet link, ìyẹn líǹkì tẹ́ẹ máa ń tẹ̀ kí app lè mọ fáìlì tẹ́ẹ fẹ́, àmì gígùn kan ló wà nínú ẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 40. App á gbé àmì yẹn lọ bá tracker, ìyẹn sáfà tó ń tọ́jú orúkọ àwọn tó wà nínú swarm, pé ta ló ní nǹkan yìí, tàbí kó bèèrè nínú DHT, níbi táwọn kọ̀ǹpútà ti ń júwe ara wọn fúnra wọn láìsí ọ̀gá kankan láàárín. Ìbéèrè yẹn lè gba sẹ́kọ́ńdì díẹ̀, nígbà míì ó lè tó ìṣẹ́jú kan, nítorí náà tẹ́ẹ bá tẹ play tí kò tíì sí nǹkan kan, ẹ má yára pa á kẹ́ẹ tún un ṣí, ìbẹ̀rẹ̀ lẹ tún ń dá a padà sí yẹn.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn nìyí. BitTorrent, wọn ò ṣe é fún kéèyàn máa wò ó bó ṣe ń wọlé. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé ègé tó ṣọ̀wọ́n jù nínú swarm ni app máa kọ́kọ́ wá, kó má bàa di pé ẹnì kan ṣoṣo tó ní in bá lọ, gbogbo èèyàn á wá dúró sójú kan. Fún ẹni tó kàn fẹ́ dáńlóòdù kó lọ sùn, ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ wò ó báyìí báyìí, ègé àkọ́kọ́ ló nílò, lẹ́yìn náà ìkejì, lẹ́yìn náà ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tó fẹ́ fi ègé tó wà lápá ìparí ṣe. Ìdí nìyẹn tí app tó wà fún wíwò fi máa ń gbà á ní títẹ̀léra. Nínú qBittorrent, app BitTorrent kan lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín tẹ "Download in sequential order", kẹ́ẹ sì tẹ "Download first and last pieces first" mọ́ ọn. Èkejì yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí àwọn fáìlì MP4 kan wà tó jẹ́ pé ìparí fáìlì ni wọ́n tọ́jú àkójọ tó ń sọ fún TV ibi tí àwòrán àti ohùn kọ̀ọ̀kan wà sí. Tí ìparí yẹn ò bá tíì wọlé, TV ò lè bẹ̀rẹ̀, kódà tí ìdajì fáìlì bá ti wà nílẹ̀. Bákan náà, tẹ́ẹ bá fo iwájú lọ sí ibi tí kò tíì wọlé, ó gbọ́dọ̀ dúró ni, ọwọ́ app ò tíì dé ibẹ̀.

Kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan settings kankan, ẹ kọ́kọ́ wo iye seed. Mo fẹ́ kẹ́ẹ ṣe ìṣirò kékeré kan. Ẹ mú bí fáìlì ṣe tóbi tó, ẹ fi sẹ́kọ́ńdì tí fídíò náà fi gùn pín in. Fáìlì 4.5 GB tó gùn tó wákàtí 2, wákàtí 2 jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 7,200, ó jẹ́ nǹkan bíi 0.625 MB ní sẹ́kọ́ńdì kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 8, ó di 5 Mbps. Ìlọ́po 8 yẹn ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: MB/s ni app máa ń kọ, àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ń kọ Mbps, byte kan sì jẹ́ bit 8. Ó dáa, 5 Mbps lẹ nílò. Ká ní seed kọ̀ọ̀kan lè ya 500 Kbps sọ́tọ̀ fún yín, ẹ nílò 10 irú wọn kẹ́ẹ tó lè wò ó láì dúró. Tó bá jẹ́ 2 péré ló wà, kódà kí íntánẹ́ẹ̀tì yín jẹ́ 500 Mbps, kò sí ibi tí ìyókù fẹ́ gbà wọlé. Ẹ wá fáìlì míì tí swarm ẹ̀ pọ̀, tàbí kẹ́ẹ mú 1080p dípò 4K, torí 4K lè gbà tó 15 sí 25 Mbps.

Upload, ìyẹn ohun tẹ́ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ jáde, ló kàn, òun náà sì lèèyàn máa ń ṣì ṣe jù. Àwọn tó ń fipá pa upload pọ̀, wọ́n á fi sí òǹkà tó kéré jù lọ, wọ́n á ní kí gbogbo agbára lọ sí ibi wíwò. Swarm ò rí bẹ́ẹ̀, fún mi kí n fún ọ ni. Nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 10 sí 10 ni app kọ̀ọ̀kan ń wò ó pé ta ló ń fún mi dáadáa, àwọn yẹn náà ló sì máa ń fún padà, ó kàn máa ń fi àyè kan sílẹ̀ tó fi ń dán ẹni tuntun wò ní bíi sẹ́kọ́ńdì 30 sí 30. Tẹ́ẹ bá ti ilẹ̀kùn tiyín pa, àwọn peer tó kù á ti tiwọn náà, àwọn seed nìkan lẹ máa gbára lé. Àmọ́ tẹ́ẹ bá tún ṣí i sílẹ̀ gbayawu, wàhálà míì nìyẹn, torí pé gbogbo nǹkan tó ń wọlé ni kọ̀ǹpútà tàbí TV yín gbọ́dọ̀ dáhùn pé mo ti rí i gbà, ìdáhùn yẹn sì ń gba ojú ọ̀nà upload jáde. Tí ojú ọ̀nà náà bá kún fọ́fọ́, ìdáhùn á pẹ́, ẹni tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ á dẹwọ́, ohun tó ń wọlé á fà. Nítorí náà ẹ fi speed test wọn upload yín, kẹ́ẹ fún app ní bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Tí upload bá jẹ́ 5 Mbps, ẹ fi sí nǹkan bíi 450 KB/s, ó tó. Ẹni tó ń ra dátà ní ìwọ̀n GB, ẹ rántí pé upload náà ń jẹ nínú ẹ̀ o: 450 KB/s fún wákàtí 2 ti lé ní 3 GB, yàtọ̀ sí fáìlì tẹ́ẹ gbà wọlé.

Router náà lọ́rọ̀ tiẹ̀. Kí àwọn peer tó lè wá kàn yín lára, ó gbọ́dọ̀ ní port tó ṣí sílẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn tí wọ́n á gbà wọlé nínú router. UPnP, ètò kan nínú router, ló sábà máa ń ṣí i fúnra ẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó wà ní títàn nínú router àti nínú app. Tí port bá wà ní pípa, ẹ̀yin náà ṣì lè lọ bá àwọn tí tiwọn ṣí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àtẹni tí tiẹ̀ náà pa, ó ṣòro kẹ́ẹ tó bára yín pàdé, swarm á wá kéré lójú yín ju bó ṣe tóbi tó lọ. Ohun míì tún wà tó ń jẹ́ CGNAT, ìyẹn kí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ IP kan ṣoṣo (IP ni nọ́ńbà àdírẹ́sì èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì). Ẹ wo WAN IP, ìyẹn IP tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún router yín, nínú router: tó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, tàbí tó yàtọ̀ sí IP tí wẹ́ẹ̀bù ń fi hàn yín, ó ṣeé ṣe kẹ́ẹ wà lábẹ́ ẹ̀, kò sì sí port tẹ́ẹ máa ṣí tó máa ṣiṣẹ́. Tí IPv6 (irú IP tuntun) bá wà, ẹ tan án, ó máa ń rànwọ́ gan-an níbẹ̀. Kẹ́ẹ sì dín iye connection kù sí bíi 100, àwọn router kéékèèké máa ń dákú tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá dé lẹ́ẹ̀kan náà.

TV fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? TV tó ń lo system Android TV tàbí Google TV lè gbé app tó lè fúnra ẹ̀ kó ègé BitTorrent jọ. Tizen, system TV Samsung, àti webOS, ti LG, ẹ má fi wọ́n wá irú app bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà tàbí NAS (àpótí tó ń tọ́jú fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé) lẹ máa lò láti fi kó ègé jọ, kí TV kàn máa gbà á nípasẹ̀ DLNA, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀rọ inú ilé kan náà fi ń pín fídíò fúnra wọn. Kódà lórí Android TV, èmi ò ní fi iṣẹ́ náà sórí TV tí kọ̀ǹpútà bá wà nílé. Ọ̀pọ̀ TV, RAM wọn ò ju 2 GB lọ, storage wọn 8 tàbí 16 GB, system ti jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀, ẹ wá ní kó tún máa yẹ hash wò, kó máa bá èèyàn 100 sọ̀rọ̀, kó tún máa ṣí fídíò. Ẹ fi qBittorrent sórí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí Jellyfin (app tó ń pín fídíò nínú ilé) tàbí irú ẹ̀ máa pín folder náà, ẹ jẹ́ kó ti lọ síwájú díẹ̀ kẹ́ẹ tó tẹ play. VLC àti Kodi, àwọn app tó ń ṣí fídíò, lórí TV náà lè rí folder tí wọ́n bá fi DLNA pín.

Tó bá jẹ́ pé orí TV náà lẹ fẹ́ ṣe gbogbo ẹ̀, ẹ ki SSD kékeré bọ USB, kẹ́ẹ darí cache app, ìyẹn ibi tó ń kó ègé sí, síbẹ̀. Flash tó lọ́ra láti kọ nǹkan sílẹ̀ á dá yín dúró. Tẹ́ẹ bá fẹ́ format ẹ̀, FAT32 ò gba fáìlì kan tó ju 4 GB lọ, exFAT ni kẹ́ẹ lò tí TV bá gbà á. Kẹ́ẹ sì fi búfà, ìyẹn apá fídíò tí app kó pa mọ́ ṣáájú ibi tẹ́ẹ wò dé, tóbi díẹ̀: dúrọ́ọ̀mù omi ni búfà jẹ́, omi ẹ̀rọ lè ṣẹ́ kó tún dé, ẹni tó ń bomi nínú dúrọ́ọ̀mù ò ní mọ̀.

Wáyà tàbí Wi-Fi? Wáyà. Àwọn kan á ní ihò Ethernet TV, ibi tí wáyà ń wọ̀, ò ju 100 Mbps lọ, pé Wi-Fi 5 GHz yára jù ú, òótọ́ ni, àmọ́ 100 Mbps tó dúró ṣinṣin ju ohun tí fídíò yìí nílò lọ, Wi-Fi sì lè já nígbàkigbà. Tí wáyà ò bá lè dé ibẹ̀, ẹ lo 5 GHz, kí router má jìnnà.

Nígbà míì kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Tí róbótó bá ń yí, tí ohùn náà dákẹ́, ègé ni kò tíì dé. Tí ohùn bá ń lọ geere tí àwòrán ń já, tí búfà sì kún, chip TV ni kò lè ṣí codec yẹn, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi fún fídíò náà pọ̀, bóyá AV1 tàbí HEVC 10-bit lórí TV tó ti pẹ́. Ẹ wò ó bóyá hardware decoding (kí chip fúnra ẹ̀ máa ṣí fídíò) wà ní títàn, tí kò bá gbà, ẹ wá fáìlì tí codec ẹ̀ jẹ́ H.264.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà. Gbogbo ẹni tó wà nínú swarm ló ń rí IP yín, bẹ́ẹ sì ṣe ń wò ó lẹ tún ń pín in fáwọn ẹlòmíì, nítorí náà fíìmù tó ní olóhun tí kò fàṣẹ sí i, pípín ẹ̀ lè kó èèyàn sí ọ̀ràn lábẹ́ òfin. BitTorrent fúnra ẹ̀ ò ní ẹ̀bi. Internet Archive, ibi ìkówèé àti fíìmù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń fi torrent (fáìlì tí app BitTorrent ń lò) sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ fíìmù àtijọ́ tí ẹ̀tọ́ oníǹkan ti parí lórí wọn, PeerTube, ètò fídíò tí àjọ Framasoft ń ṣe, náà sì ń jẹ́ káwọn tó ń wo fídíò kan náà máa pín in láàárín ara wọn nínú browser, láìfi app kankan sí i. VPN, ètò tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì yín gba ibòmíì, lè bo IP yín, àmọ́ tí kò bá fàyè gba port forwarding (kó ṣí port sílẹ̀ fún yín), iye peer tó máa lè wá bá yín á dín kù.

Ti live, ìyẹn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, wá yàtọ̀ díẹ̀. Kò sí seed níbẹ̀, torí kò tíì sí ẹni tó ní nǹkan náà pé, ibi tó ń gbé e jáde nìkan ló wà níwájú gbogbo èèyàn. Ojú kan náà ni gbogbo yín wà, ègé sẹ́kọ́ńdì díẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nìkan lẹ ń pín láàárín ara yín, tí púpọ̀ nínú yín bá sì ti upload pa, kò sẹ́ni tó máa rí i wò dáadáa. Ẹ mú búfà live lọ sókè nínú settings app náà, bíi sẹ́kọ́ńdì 20 tàbí 30. Ẹ máa pẹ́ lẹ́yìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀n yẹn, aládùúgbò lè pariwo góòlù kẹ́ẹ tó rí i, ṣùgbọ́n kò ní máa dúró.